Èsì: «Kan» tó wà nínú iyèkan kò lè gbé ìran

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Gwarinpa ní Àbújá kọ lọ́jọ́ Ẹtì nípa iṣẹ́ Siobhan Mattison, onímọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ní Yunifásítì New Mexico ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí láàárín ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Mosuo ní ilẹ̀ Ṣáínà. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n pe àwọn Mosuo tó ń ka ìran lọ́dọ̀ ìyá ní «oníyekan», wọ́n pe àwọn tó ń kà á lọ́dọ̀ bàbá ní «ọlọ́bàkan», wọ́n sì ní ká fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì ọjọ́ Sátidé. Rárá o.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àmì ohùn kúrò nílẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n ní «iye» ló wà níbẹ̀, bí ẹni ń ka owó. Iye kọ́, yè ni, yè tó ṣáájú nínú yèyé, bí bà inú ọbàkan ṣe jẹ́ bà tó ṣáájú nínú bàbá. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń rìn ni. Ẹni tó bá gbé yè kúrò nísàlẹ̀ ti sọ ìyá nù.

«Kan» gan-an ni ìjà mi. Iyèkan mi ni ẹni tí èmi àti òun jọ jáde látinú obìnrin kan ṣoṣo. Ọmọ àbúrò ìyá mi kì í ṣe iyèkan mi. Ìyá ti di méjì. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń nà án dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí ìyá. Kí wọ́n nà á. Àwọn Mosuo létí adágún Lugu, láàárín Yunnan àti Sichuan, tó ń ka ìran lọ́dọ̀ ìyá, ilé ìyá àgbà ni wọ́n ń gbé, òun, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a lọ sọ́dọ̀ obìnrin wọn lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á padà sílé ìyá tiwọn. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá tó jẹ́ ọkùnrin ló ń bá wọn tọ́ ọmọ. Ìyá mélòó la ti kà yìí? Ta ni «kan» nínú wọn?

Ìwádìí tí Mattison àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2020 ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ lásán lọ. Mosuo kan náà ni wọ́n, èdè kan náà, ṣùgbọ́n níbi tí ìran ti ń ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá àwọn obìnrin tó bó ṣe ń bá àwọn obìnrin níbi tó ti ń ti ọ̀dọ̀ bàbá wá. Ta ni ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni ogún ń bọ́ sí lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tí a ó lò gbọ́dọ̀ lè gbé ilé àti ogún.

A sì ní in. Nígbà tí wọ́n pín ogún bàbá ìyá mi ní Ọ̀fà, olórí ẹbí to obì mẹ́ta sórí ẹní, nítorí ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fi sáyé lọ. Ọmọ márùn-ún ni ìyáálé bí, ìyá mi nìkan ni ìyá tirẹ̀ bí. Ẹnìkan ní kí wọ́n pín in ní orí-ò-jorí. Olórí ẹbí ò tiẹ̀ gbójú sókè: «Ìdí igi mélòó ló wà níbí?» Ìyá mi nìkan gba ìdá mẹ́ta kan, àwọn márùn-ún pín ìdá kan. Ìdí igi yìí náà, ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ sí ìdá kan, ni ilé-ẹjọ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dáwódù àti Danmole ní 1958. Ìdí ìyá, ìdí bàbá: ọ̀rọ̀ ti wà nílé, ẹ wá ń ya òmíràn lóko.

Ẹni tó ní èdè wa tálákà nítorí Haúsá ní wa (ẹ̀gbọ́n ọkùnrin) àti ya (ẹ̀gbọ́n obìnrin), ƙane (àbúrò ọkùnrin) àti ƙanwa (àbúrò obìnrin), tí àwa kò ní ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ, mi ò gbà. Aládùúgbò mi ní Nyanya, ọmọ Kánò, máa ń bi mí pé, «Ẹ̀gbọ́n yín tó wá yẹn, ọkùnrin àbí obìnrin?» Ohun tó ń wá, ẹ̀yìn la máa ń sọ ọ́, ẹni tó ṣáájú la kọ́kọ́ ń sọ. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti kọ ìwé lé e lórí ní 1997. Ìyá mi ń pe ọmọdébìnrin ọdún méje ní ọkọ mi, torí pé ọmọ náà ni a bí sílé tí òun wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní bàbá àwọn jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ìyá àgbà mi ò lọ sílé-ìwé, wọn ò sì ṣi iyèkan pè rí.

Èmi ni mo máa dúró níwájú pátákó ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìdí ìyá ni mo máa kọ síbẹ̀, tàmì-tàmì. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, kó kọ̀wé kó tó di ọjọ́ Ẹtì.