Àbọ̀ ìbéèrè mi: mo ti gbé Màmá lọ jẹun

Ẹ̀yin ará, àbọ̀ rè é. Mo bi yín léèrè bí mo ṣe lè gbé màmá mi lọ jẹun nílé oúnjẹ olówó ńlá kan ní Bódìjà pẹ̀lú 40,000 náírà péré. Ẹni tó ní ká lọ lọ́sàn-án, Ọlọ́run á bù kún un! Oúnjẹ ọ̀sán wọn kò wọ́n tó ti alẹ́. Ẹja yíyan ńlá kan la jọ pín jẹ, omi la sì mu. Màmá rọra ṣí aṣọ ìnuwọ́ funfun náà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n wá ń to eegun ẹja sétí àwo lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn ń dán. VAT, ìyẹn owó orí ọjà tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú 100, ni mo gbàgbé láti ṣírò, àmọ́ owó ṣì ká a: 36,550 náírà. Ìbéèrè mi ti parí, ẹ ṣeun gan-an.