Kóró kajú ló la statistics yé mi: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe MBA, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì statistics (ìmọ̀ fífi díẹ̀ tí a rí sọ̀rọ̀ nípa púpọ̀ tí a kò rí) nínú MBA, oyè gíga nínú ìṣàkóso òwò, rí, ìbáà jẹ́ ní Lọ́kọ́jà, ìbáà jẹ́ ní Ìlọrin, kó wá sọ bó ṣe rí fún un. Kì í ṣe máàkì tó gbà ni mò ń béèrè o. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà yé e gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ìjùmú ni wọ́n ti bí mi. Kajú ni ìyá mi ń rà, òun náà ló fi rán wa níléèwé. Láti oṣù Èrèlé títí wọ Èbìbí, àgbàlá wa kì í sinmi. Àwọn àgbẹ̀ á ru tiwọn dé láti oko, àwọn alájàpá á fi ọ̀kadà kó tiwọn dé, a ó sá a, a ó rọ ọ́ sápò, títí ọkọ̀ àwọn oníbàárà ńlá yóò fi dé láti Èkó.

Mo ti ṣe iṣẹ́ akáǹtì fún ọdún mẹ́fà kí n tó forúkọ sílẹ̀ fún MBA ọlọ́jọ́ Sátidé. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi máa ń wọkọ̀ ní Kabba, tí a ó gba Obajana kọjá, tírélà níwájú, tírélà lẹ́yìn, ká tó dé Lọ́kọ́jà. Mo rò pé nọ́ńbà kò lè bà mí lẹ́rù mọ́. Ṣùgbọ́n nínú akáǹtì, bí náírà kan bá sọnù, o ó wá a títí o ó fi rí i. Nínú statistics, wọ́n ní kí o wo márùn-ún, kí o sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹ̀rún tí o kò rí, kí o sì tún sọ bí ọ̀rọ̀ rẹ ṣe lè tàsé tó. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Mo da gbogbo fọ́múlà kọ, mo lè tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ ìṣirò kí ìdáhùn tọ̀nà, àmọ́ tẹ́nì kan bá bi mí pé kí ni ìdáhùn náà ń sọ, mi ò ní nǹkan tí màá fi dá a lóhùn. Nínú tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, mo gba 11 nínú 30. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí mo fi dé ilé.

Ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìpín kajú méjì ló wà ní àgbàlá. Alájàpá kan kó àpò 40 wá láti ẹ̀bá Ìyàrà. Ẹnì kejì kó 40 tirẹ̀ wá, tó ṣà jọ láti ìlú bíi mẹ́rin. Ìyá mi fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára gbogbo àpò. Lẹ́yìn náà ló ké sí ọmọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó wà nídìí ààrò tí kò rí àpò kankan, ó ní, “Pe nọ́ńbà márùn-ún fún mi, kó má kọjá ogójì.”

Mo bi í pé kí ló dé tí kò kúkú mú àwọn tó wà nítòsí.

Ó ní, “Ojú tó bá ti rí àpò á máa wá èyí tó wù ú. Ẹni tó kó o wá náà sì mọ èyí tó máa gbé síwájú.” Àpò tí ọmọ náà bá pè ló ń ki ọwọ́ bọ̀, láti òkè títí dé ìdí.

Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ohun tí olùkọ́ wa fi odindi òwúrọ̀ sọ, tó pè ní random sampling, mímú díẹ̀ láìyàn, òun rèé. (Òótọ́ ni pé ọmọdé lè fẹ́ràn nọ́ńbà kan ju òmíì lọ. Lónìí, RANDBETWEEN inú Excel, tó ń fa nọ́ńbà yọ láìyàn, ni mo máa ń lò. Ṣùgbọ́n ìdí tí ìyá mi fi ń ṣe é kò yàtọ̀ sí ti ìwé.)

Fún ẹni tí kò bá mọ òwò kajú, bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. Wọn á wọn kílò kan nínú kóró tí wọ́n mú, wọn á kà á, wọn á sì la kóró kọ̀ọ̀kan sí méjì. Èyí tí inú rẹ̀ dára lọ sí ọ̀tọ̀, èyí tó lábàwọ́n díẹ̀ lọ sí ọ̀tọ̀, èyí tó ti bàjẹ́ tàbí tó ṣófo lọ sí ọ̀tọ̀. Wọn á wọn inú èyí tó dára, wọn á fi ìdajì ti alábàwọ́n kún un. Iye gíráàmù tó bá jáde, wọn á fi 0.17637 sọ ọ́ di púpọ̀, kó lè di iye pọ́ùn tí wọ́n máa rí nínú àpò kílò 80. Tó bá jẹ́ gíráàmù 267, ó di nǹkan bíi 47. Out-turn ni àwọn oníṣòwò ń pè é, òun ló sì ń pinnu owó. Oníbàárà tí à ń retí lọ́jọ́ náà ti sọ pé òun kò ní gba ohun tó bá wálẹ̀ ju 46 lọ.

Àpò márùn-ún láti inú ìpín kọ̀ọ̀kan. Ti Ìyàrà jáde báyìí: 46, 47, 47, 48, 47. Ti ẹnì kejì: 41, 53, 47, 44, 50. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 235 ni méjèèjì. Ẹ pín in sí márùn-ún, 47 ni méjèèjì. Lójú average, ìbejì ni wọ́n.

Ìyá mi kò pín nǹkan kan. Ó wo ti ẹnì kejì, ó mi orí, ó ní, “Èyí kò fìdí kalẹ̀.” Kò jẹ́ kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Ìyàrà.

Ìwé tẹ́ẹ̀sì mi ṣì wà nínú báàgì. Mo fà á yọ, mo jókòó sórí àpò, mo sì ṣe standard deviation, òdiwọ̀n bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká sí yí average ká, fún kajú ìyá mi. Ti Ìyàrà: ẹ wo bí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí 47 tó, ẹ fi jíjìnnà náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 2 ló jáde. Ẹ pín in sí 4, ó di 0.5, square root rẹ̀ jẹ́ 0.71. Ti ẹnì kejì: 36, 36, 0, 9, 9, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 90. Ẹ pín in sí 4, ó di 22.5, root rẹ̀ jẹ́ 4.74. Ẹ gbé 0.71 àti 4.74 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “Kò fìdí kalẹ̀” tí ìyá mi sọ ti di nọ́ńbà lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo mọ ìdí tó fi jẹ́ 4 la fi ń pín, tí kì í ṣe 5, ohun tí mo ti kàn ń há sórí tẹ́lẹ̀. Bí mo bá sọ out-turn àpò mẹ́rin fún yín, tí mo sì sọ average fún yín, ẹ ó mọ ti ìkarùn-ún láìjẹ́ pé mo sọ ọ́. Ìkarùn-ún kò ní òmìnira mọ́, nítorí inú wọn la ti yọ average. Nínú Excel, STDEV.S ló ń fi 4 pín, STDEV.P ló ń fi 5 pín. Ẹni tó bá mú apá kan wò láti fi sọ̀rọ̀ nípa odindi, STDEV.S ni kó lò.

Ìbéèrè tó ṣẹ́kù ni èyí: ti Ìyàrà, ṣé ó dá wa lójú pé average odindi àpò 40 kò wálẹ̀ ju 46 lọ, nígbà tó jẹ́ pé márùn-ún péré la là? Mo fẹ́ kí gbogbo oníṣòwò mọ ìtàn ẹni tó bá wa yanjú èyí. William Sealy Gosset lorúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkà báálì ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, wọn kì í sì í ní ju díẹ̀ lọ́wọ́. Ní 1908 ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí bí a ṣe lè fi ìwọ̀nba díẹ̀ sọ̀rọ̀ láìtan ara wa jẹ. Student ló fi ṣe orúkọ lórí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olùkọ́ wa fi ń pè é ní Student's t. Fún márùn-ún péré, ní ìpele 95%, nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2.776. Ẹ pín standard deviation sí root 5, ẹ fi 2.776 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lára 47, ẹ tún fi kún 47. Ti Ìyàrà bọ́ sáàárín 46.1 àti 47.9. Ti ẹnì kejì bọ́ sáàárín 41.1 àti 52.9.

Ẹ ò rí i? Ìsàlẹ̀ àlàfo ti Ìyàrà, 46.1, ṣì ga ju 46 lọ. Ti ẹnì kejì, a ò lè búra.

Mo gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí mo rí ọ̀pọ̀ tó kọ ọ́ lódì nínú ìdánwò: 95% yìí kò sọ pé 95 nínú 100 àpò ló wà láàárín nọ́ńbà méjì wọ̀nyẹn. Average odindi ìpín náà ló ń sọ. Bí a bá tún irú àyẹ̀wò yìí ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bíi 95 nínú 100 ìgbà ni àlàfo tí a bá ṣírò máa gba average tòótọ́ náà mọ́ra.

Ìyá mi wo ìwé mi títí. Ó ní, “Ohun tí mo sọ fún ẹ náà nìyẹn.” Ni mo bá sọ fún un pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oníbàárà Èkó kò mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gba nọ́ńbà gbọ́.

Mo yege nígbà tí ìdánwò dé. Àmọ́ ó ṣì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ tí a jọ wọ kíláàsì, àwọn ọlọ́jà, àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀gá iléèwé, jáde láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Bí olùkọ́ bá lè bẹ̀rẹ̀ láti inú àpò kajú, kó tó kọ fọ́múlà, ẹkún ì bá dín kù. Ẹ wá sọ tiyín.

Láti Ìsánlú

Ẹ̀gbọ́n, okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Tèmi kò gùn.

Project mi dá lórí bí àwọn oníṣu ṣe ń gba owó. Mo ṣe fọ́ọ̀mù Google, mo jù ú sórí WhatsApp, èèyàn 118 fèsì, inú mi dùn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló ní tiransífà làwọn ń gbà. Mo ti ń kọ àbájáde rẹ̀ kí ìyàwó mi tó bi mí pé, “Ìyá mi tó ń ta iṣu lọ́jà Ìsánlú, ṣé òun náà fèsì?” Ìyá àná mi kò ní fóònù tó ń gba WhatsApp. Àwọn tí wọ́n jọ ń pàtẹ náà kò ní.

Olùkọ́ mi wá sọ fún mi nípa ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà kan, Literary Digest, ní 1936. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló dá wọn lóhùn, wọ́n sì kéde pé Landon ló máa wọlé ààrẹ. Roosevelt tí wọ́n jọ du ipò náà ló gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé tẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ orúkọ jọ, nígbà tí tálákà kò ní méjèèjì. Àwọn tó sì fèsì kò dà bí àwọn tó dákẹ́. Pípọ̀ tó pọ̀ kò tún un ṣe.

Mo padà sọ́jà. Mo ka ìsọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, mo mú ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ láìyàn, lẹ́yìn náà ìsọ̀ kẹfà-kẹfà ni mo ń dúró sí. Èèyàn 52 péré ni mo bá sọ̀rọ̀. Owó ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ń gbà. Mo fa iṣẹ́ àkọ́kọ́ ya, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò lè fi orúkọ mi sábẹ́ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Láti Kabba

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Èmi ṣì wà nínú tèmi, kò sì tíì yé mi. Adìyẹ ẹlẹ́yin ni mò ń sìn. Mo fi oúnjẹ tuntun fún àgò mẹ́fà, mo fi ti àtijọ́ fún mẹ́fà, mo ka ẹyin fún oṣù kan. P-value, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo bóyá ìyàtọ̀ kàn ṣèèṣì ni, jáde ní 0.08. Mo kọ ọ́ pé kò sí ìyàtọ̀, wọ́n fi pupa fà á. Kí ni mo ṣẹ̀?

Láti ọ̀dọ̀ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀

Ará Ìsánlú, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Àbúrò mi ní Kabba, 0.08 kò sọ pé oúnjẹ méjèèjì dọ́gba. Ohun tó ń sọ ni pé, ká ní wọ́n dọ́gba, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú ọgọ́rùn-ún ni ìyàtọ̀ tó tó eléyìí, tàbí tó jù ú lọ, máa ṣèèṣì yọjú. Ẹ̀rí náà kò tíì tó láti dájọ́, kò sì dá oúnjẹ náà lẹ́bi. Èèyàn ló yan 0.05, ààlà tí p-value gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jù kí wọ́n tó gbà pé ìyàtọ̀ wà, tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá, R. A. Fisher ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ ní 1925, kò sọ̀ kalẹ̀ látọ̀run. Àgò mẹ́fà-mẹ́fà kéré. Ìyàtọ̀ gidi lè wà níbẹ̀ kó má hàn.

Ìwọ sọ fún mi: ẹyin mélòó ni ìyàtọ̀ náà lóṣù? Èló ni oúnjẹ tuntun fi wọ́n ju ti àtijọ́ lọ? Oko ni wàá fi ṣàkóso, kì í ṣe p-value nìkan. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ màá gba Kabba kọjá. Kó ìwé tí o fi ń ka ẹyin dání, kí o má ṣe àròpọ̀ kankan sínú rẹ̀. Ẹyin àgò kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ni mo fẹ́ rí.