Òjò tó pa wá ní ọgbà ìṣeré l'Orlando, ní Amẹ́ríkà: mo wá jábọ̀

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo béèrè ohun tí mo lè ṣe sí bàtà, fóònù àti aṣọ tí òjò rin gbingbin.

Bàtà ti yanjú. Mo ki ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́ nínú, mo gbé e síwájú fáànù, mo ń pààrọ̀ ìwé náà. Ilẹ̀ mọ́, ó ti gbẹ, kò sì rùn.

Fóònù ńkọ́? Mi ò fi sínú ìrẹsì o. Eruku ìrẹsì lè wọ ihò tí a ń ki wáyà iná bọ̀. Mo pa á fún ọjọ́ méjì. Ó ti tàn, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì ń dún bí ẹni tó fọwọ́ bo ẹnu.

Àdìrẹ mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Aró rẹ̀ ṣàn sára ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọmọ mi. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èjìká rẹ̀ ṣì rí bí ojú ọ̀run.

Ẹni tó ní ká má sáré lọ sílé tí òjò ọ̀sán bá tún dé, òótọ́ lẹ sọ. A padà lọ ní Sátidé. Mànàmáná kọ, wọ́n dá àwọn ẹ̀rọ ìṣeré tó wà níta dúró, ọ̀pọ̀ èèyàn gba ilé lọ. Àwa jókòó sábẹ́ òrùlé, a ń jẹ gúgúrú. Nígbà tí òjò dá, ìlà àwọn tó fẹ́ gun ẹ̀rọ ò gùn mọ́ rárá.