Pósí àti òdòdó lábẹ́ òrùlé kan: báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òró: Ẹ̀yin ará Kwara, kí ló dé tó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń kan pósí náà ló ń ta òdòdó, tí bàbá, ìyá àtọmọ jọ ń ṣe é?

Káfíńtà Ọ̀fà: Pósí ló ṣáájú. Káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ń sáré wá bá. Ìyàwó rẹ̀ ló ń rán sátíìnì inú pósí, àjákù rẹ̀ kò sì ṣeé dà nù: á ká a, á fi wáyà dì í, ó di òdòdó. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n ra ọkọ̀ aláriwo tó ń gbé òkú.

Ìyá Olódòdó: Sátíìnì nìkan kọ́ o. Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó tútù, kó má fi hibiscus sí i. Ọjọ́ kan péré ló ń lò, á ti padé kí wọ́n tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ixora ló ń fara dà á. Àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ gé e, kẹ́ ẹ sì kì í bọ omi lójú ẹsẹ̀. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ẹ lọ ra ti ike.

Àáfà Ìdí-Àpé: Ní Ìlọrin ńkọ́, ta ló ń ra pósí? Aṣọ funfun 3 fún ọkùnrin, 5 fún obìnrin, kafúrà nínú omi ìwẹ̀ ìkẹyìn, a kírun sí i, ó tán.

Káfíńtà Ọ̀fà: Àáfà, pákó tẹ́ ẹ fi ń dí ihò ẹ̀gbẹ́ sàréè kí yẹ̀pẹ̀ má baà kan òkú, ṣé ojú ọ̀run ló ti ń já bọ́ ni?

Àáfà Ìdí-Àpé: 😂 Ẹ ṣeun.

Tísà Òmù-Àrán: Kí ló ń mú kí pósí há sẹ́nu sàréè?

Káfíńtà Ọ̀fà: Ọwọ́ pósí ni! Agbẹ́lẹ̀ á wọn àpótí, kò ní ka ọwọ́ mọ́ ọn. Pósí fẹ̀ tó ínǹṣì 24, ọwọ́ irin yọ ínǹṣì 2 lápá ọ̀tún, 2 lápá òsì, 28 nìyẹn. Wọ́n á gbẹ́ 26, wọ́n á wá máa fẹsẹ̀ tì í níṣojú ọmọ olóògbé. Láti etí ọwọ́ dé etí ọwọ́ ni kí wọ́n wọ̀n, kí wọ́n fi ínǹṣì 4 lé e nítorí okùn.

Agbẹ́lẹ̀ Ìjàgbó: Ta ló ń sọ ìwọ̀n fún wa? Alẹ́ àìsùn la máa ń gbọ́! Ẹ tún fi ìrókò kàn án, ọrùn ènìyàn 6 á fẹ́ẹ̀ kán. Kí ni igi àfárà ṣe yín?

Káfíńtà Ọ̀fà: Kòkòrò tètè ń jẹ àfárà.

Agbẹ́lẹ̀ Ìjàgbó: Ṣé ẹ máa padà wá yẹ̀ ẹ́ wò ni?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ fi igi yẹn sílẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó ni kẹ́ ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ pósí, kó nípọn tó ínǹṣì 2, kí fóòmù tó dé orí rẹ̀. Òkú tó pẹ́ kí wọ́n tó gún un lóògùn máa ń jò, torí ibi tẹ́jẹ̀ bá ti dì sí, fọ́málínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú bàjẹ́, kì í ríbi kọjá.

Tísà Òmù-Àrán: Ní ti iṣẹ́ ìdílé, ọkọ̀ òfuurufú tó já ní October 3, 2013, tó fẹ́ gbé òkú Olusegun Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́, asìnkú Èkó kan àti ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló bá a lọ.

Ọmọ Òró: Hà.

Àáfà Ìdí-Àpé: Káfíńtà, ẹ jọ̀ọ́, èló ni pákó ẹsẹ̀ bàtà 3? Mọ́ṣáláṣí ló fẹ́ ẹ o, kì í ṣe èmi.