Báwo ni mo ṣe lè fi èsì àjẹsára DNA lára eku wé ti màlúù?

Ẹ̀yin àgbà nínú ìmọ̀ ìlera ẹranko, mo kí yín láti Ìlọrin. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí àjẹsára DNA (abẹ́rẹ́ tó ń gbé DNA kan wọ inú sẹ́ẹ̀lì kí ara lè kọ́ bí yóò ṣe gbógun ti àrùn), irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún ẹṣin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Ìṣòro mi ni pé abẹ́rẹ́ tó máa ń ṣiṣẹ́ gidigidi lára eku kì í sábà lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára ẹran ńlá, àfi bí wọ́n bá fi iná mànàmáná díẹ̀ ṣí ara sẹ́ẹ̀lì kí DNA lè ráyè wọlé. Olùkọ́ mi ní kí n fi ìwúwo ara pín ìwọ̀n oògùn, ṣùgbọ́n eku gíráàmù 25 àti màlúù tó ń jẹko lẹ́yìnkùlé wa (ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí) kò ṣeé fi wéra bẹ́ẹ̀, nítorí inú iṣan tí abẹ́rẹ́ bọ́ sí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ǹjẹ́ kí n kúkú fi ẹran kọ̀ọ̀kan wé irú tirẹ̀ tí kò gba abẹ́rẹ́?