Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí n ráyè kọ́ àwọn ọmọ mi nílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àṣàkẹ́:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń kọ ọ́ tí mo sì ń pa á rẹ́.

Ọmọ márùn-ún ni Olúwa fún mi, èmi fúnra mi ni mo sì ń kọ́ wọn nílé láti ìgbà tí táàmù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni mo ń rán, iwájú ilé wa ní Arówómọlẹ̀ níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mo wá pákó pẹlẹbẹ kan, mo kùn ún dúdú, mo gbé e ti ògiri. Wọ́n á jí, wọ́n á pọn omi kànga, wọ́n á mu ẹ̀kọ, nígbà tó bá fi máa di aago mẹ́jọ, kálukú ti jókòó sórí ẹní.

Ohun tó ń pa mí lẹ́kún ni ìyá ọkọ mi. Tákíé ni ilé wọn, aago mẹ́sàn-án kì í sì í lù bá wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti wọlé: “Ṣé ọlidé kò tíì parí ni?” Wọ́n á rán Àlàó lọ ra epo. Wọ́n á ní kí Àṣàkẹ́ wá bá àwọn ṣa ẹ̀wà. Kí n tó kó wọn jọ padà, oòrùn ti mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé mo ti sọ ọmọ ọmọ àwọn di ọmọ ọ̀dọ̀. Kó tó dalẹ́, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Ìlọrin ti ká ohùn sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú méje gbáko, èébú ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo rán gbogbo aṣọ ìkómọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́!

Eyín ń yọ lẹ́nu ọmọ ọwọ́, kò sùn, kò jẹ́ ká sùn. Àjàní ń jẹ ṣọ́ọ̀kì. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí a kò ríná, aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́rìnlá sì wà nílẹ̀ tí ìyàwó fẹ́ gbà lọ́jọ́ Ẹtì. Ní báyìí ìyá ọkọ mi ní àwọn máa pe ọmọ àwọn, ìyẹn ọkọ mi. Bí wọ́n bá fi lè pè é, ilé mi tú nìyẹn.

Báwo ni ẹ ṣe ń pín àsìkò fún ọmọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Báwo ni mo sì ṣe lè dá ìyá yìí dúró láìfi ṣe àfojúdi?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọ̀yọ́ ni èmi wà, lẹ́bàá Àkẹ̀sán, ọmọ mẹ́fà ni tèmi, ìbejì wà nínú wọn. Ilé ìwé ni wọ́n ń lọ o, ṣùgbọ́n nígbà tí kòrónà dé ní 2020 tí wọ́n ti ilé ìwé pa, èmi ni mo kọ́ gbogbo wọn. Ohun tí mo rí ni pé tí ẹ bá ní ẹ máa kọ́ kálukú ní tirẹ̀, ẹ máa kú. Ẹ sọ ìtàn kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Kí àgbà kọ ọ́ sílẹ̀, kí àárín ka ohun tí àgbà kọ, kí kékeré ya àwòrán rẹ̀. Ìṣirò ńkọ́? Ẹ gbé àpò gàrí àti kóńgò sílẹ̀. Kóńgò mélòó ló wà nínú rẹ̀? Tí a bá ń ta kóńgò kan ní iye báyìí, èló ni gbogbo rẹ̀? Ìbejì mi mọ ìsọdipúpọ̀ nídìí gàrí ju nídìí ìwé lọ.

Ẹ ò sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ o. Kíláàsì wo ni kálukú wà?

Ìyàwó Pásítọ̀:
Ẹ ṣe táìmùtébù, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín wí díẹ̀, ọmọ ìyá mi. Àgbàlagbà tó ń ti Tákíé wá wo ọmọ ọmọ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀ ń pè é ní wàhálà? Ìyá ọkọ tèmi ti kú. Ọjọ́ tí mo bímọ kẹta, kò sí ẹni tó pọn omi ìwẹ̀ fún mi. Ẹ fún màmá níṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní oríkì ìdílé, àlọ́, àti òǹkà Yorùbá. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ pé 45 ni à ń pè ní márùndínláàádọ́ta? Wákàtí kan péré, ẹ ó rí i pé wọn ò ní rán ẹnikẹ́ni lọ ra epo mọ́.

Bàbá Tàmálè:
Mo kí gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ìyá mi. Gánà ni wọ́n bí mi sí, ní Tàmálè, bíi ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ẹgbẹ́ mi. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàbá mi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tọjà-tọjà. Nígbà tí a délé, kò sówó, ó sì tó ọdún kan kí n tó rí ilé ìwé wọ̀. Ìyá mi tí kò lọ ju kíláàsì mẹ́ta lọ ló ń fi èédú kọ A B D sára ògiri ẹ̀yìnkùlé fún wa, nígbà tó bá ń yan gàrí. Òjò á sì wẹ̀ ẹ́ dànù, yóò tún un kọ. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí, mi ò sì gbàgbé ògiri yẹn. Nítorí náà, ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ìyá kò lè kọ́ ọmọ nílé.

Ìyá Àṣàkẹ́:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Omi bọ́ lójú mi. Ìyàwó Pásítọ̀, mo gbọ́ ti oríkì yẹn, màmá mọ̀ ọ́n kì, màá gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mo kórìíra wọn. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àlàó fún yín. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, kíláàsì márùn-ún ni wọ́n gbé e dé, kò lè ka ìlà kan. Ẹgba ni wọ́n fi ń nà án nílé ìwé. Tí ó bá dé ilé, á fi ọwọ́ pa mọ́ sábẹ́ tábìlì. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì tì ná, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá: ba, bá, bà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ń ka ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Màrúwá. Lánàá ó ka Sáàmù kẹtàlélógún tán, ó ń fi ìka tọ́ ọ, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ẹ wá sọ fún mi pé kí n dá ọmọ yẹn padà?

Ọmọ Àjílété:
Ó dáa pé ó ń kàwé, ṣùgbọ́n Yorùbá kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe WAEC o. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó má lọ di pé tó bá dé LAUTECH, á máa wò bọ̀ọ̀. Èyí tí ẹ̀ ń ṣe yìí, ẹ̀yìn ni ẹ̀ ń fà á sí.

Tíṣà Àgbà:
Ẹ̀yìn kọ́ o, àbúrò. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ti mọ bí lẹ́tà ṣe ń so pọ̀ ní èdè tó ń gbọ́, iṣẹ́ ti bù ṣe.

Ìwọ Ìyá Àṣàkẹ́, Ìyá Ìbejì bi ọ́ ní ìbéèrè, o kò dáhùn. Kíláàsì wo ni Àṣàkẹ́ wà? Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 sọ ọ́ di dandan kí òbí rí i pé ọmọ parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS. Mi ò fi dẹ́rù bà ọ́. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni.

Ọmọ Àjílété:
Tíṣà, ti 1970 kọ́ là ń sọ. Ayé ti yí padà.

Tíṣà Àgbà:
Orí ọmọ kò tíì yí padà. Jẹ́ kí ìyá yìí dá mi lóhùn.

Ìyá Àṣàkẹ́:
Àdùkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún méje, kíláàsì méjì. Àjàní, mẹ́rin. Ọmọ ọwọ́ kò tíì pé ọdún. Àṣàkẹ́ ti pé mẹ́tàlá. JSS3 ni.

Ó gbọ́n, sà. Òun ló ń bá mi kọ́ Àdùkẹ́.

Tíṣà Àgbà:
JSS3! Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi wà ní ìsàlẹ̀? Ìdánwò BECE tí wọ́n fi ń parí JSS ń bọ̀ lọ́dún ẹ̀kọ́ yìí kan náà. Ilé ìwé ló ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún un, máàkì iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe bọ̀ láti JSS1 sì wà nínú èsì rẹ̀. WAEC ni ènìyàn lè fi ara rẹ̀ ṣe níta, ní GCE. Ti JSS3 kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ ti gba ìwé tí ó fi kúrò nílé ìwé yẹn, àbí orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà?

Ìyá Ìbejì:
Háà, ìyá wa. Tí Àṣàkẹ́ bá ń kọ́ Àdùkẹ́, tó ń pọn ọmọ ọwọ́, ta ló ń kọ́ Àṣàkẹ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ jọ̀wọ́, mo ti ka ọ̀rọ̀ ìyá yìí lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí gbogbo yín fò. Ó ní bí ìyá ọkọ òun bá pe ọkọ òun, ilé òun tú. Kí ló máa tú ilé? Ẹni tí ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ilé ni àwọn ọmọ ti ń kàwé, kí ni ìpè fóònù máa ṣe fún un? Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣé Bàbá Àṣàkẹ́ mọ̀?

Ìyá Àṣàkẹ́:
Rárá.

Mo fẹ́ pa á rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọkọ mi ń wakọ̀ ẹrù lọ sí Kánò, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó wálé. Ní oṣù kẹjọ ó fi ₦120,000 ránṣẹ́ fún owó ilé ìwé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo kó o fún alájọ wa pé kó bá mi tọ́jú rẹ̀ títí wọn á fi wọlé. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń dá owó lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ rí. Wọlé ku ọjọ́ márùn-ún, ó kó lọ. Èmi nìkan kọ́, gbogbo àdúgbò ló ń sunkún.

Mo rán wọn lọ ilé ìwé bẹ́ẹ̀, mo ní màá wá owó. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pe àwọn tó jẹ gbèsè síwájú gbogbo ilé ìwé, wọ́n lé wọn wálé. Àṣàkẹ́ kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọjọ́ kejì ni mo kun pákó.

Nígbà tí bàbá wọn wálé fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sọ fún un pé ọlidé ni. Àṣàkẹ́ wò mí.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ohun tí mo sọ nípa Àlàó kì í ṣe irọ́. Ìtìjú ló mú mi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń kàwé.

Ìyàwó Pásítọ̀:
Jésù! Ẹ kọ́ ọmọ nílé, ẹ kọ́ wọn ní irọ́ pẹ̀lú. Màmá tí ẹ ń bú pé wọ́n ń dí yín lọ́wọ́, ojú wọn ló rí òótọ́.

Bàbá Tàmálè:
Ìyàwó Pásítọ̀, ó tó. Ẹni tí wọ́n jà lólè ni. Ìyá Àṣàkẹ́, ṣe ohun tó yẹ kíákíá: ẹnu rẹ ni kí ọkọ rẹ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ìyá rẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ṣíwájú rẹ, kò ní gbọ́ ti alájọ mọ́, ti irọ́ nìkan ni yóò gbọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Lónìí ni o. Kò gbọ́dọ̀ dọ̀la. Ẹ má pè é nígbà tó bá wà lórí ìrìn. Ẹ bi í léèrè bóyá ó ti páàkì.

Tíṣà Àgbà:
Ti Àṣàkẹ́ kò gbọdọ̀ dúró de owó gbogbo wọn. Lọ bá ọ̀gá ilé ìwé ní Mọ́ńdé, ìwọ nìkan, kó tó di pé wọ́n pe àpéjọ àárọ̀. Sọ pé ti JSS3 lo kọ́kọ́ fẹ́ san, kí o sì san án díẹ̀díẹ̀. Ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ táàmù yìí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ilé ìwé ìjọba wà. Láti 2019 ni Gómìnà Mákindé ti fagi lé ₦3,000 tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pípààrọ̀ ilé ìwé ní JSS3 kì í rọrùn, nítorí náà ibi tó wà ni kí o kọ́kọ́ gbìyànjú. Àlàó àti Àdùkẹ́ lè fara dà á títí di oṣù kìíní.

Ìyá Àṣàkẹ́:
Ẹ kú àná o. Mo ti pè é. Kàdúná ló wà, ó ti páàkì. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ ni. Ó wá ní owó kò dun òun tó ọlidé tí mo pa fún òun. Ó ní òun kò ní lè bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀ báyìí. Ó ní kí n gbé fóònù fún Àlàó kó kàwé sí òun létí. Àlàó ka Sáàmù yẹn. Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ ní kó tún un kà.

Ó fi owó Àṣàkẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Èmi àti Àṣàkẹ́ ni a jọ máa lọ ní Mọ́ńdé, ọmọ náà ní òun kò fẹ́ kí n dá lọ. Ti àwọn yòókù, bàbá wọn ní tí òun bá délé ni a máa sọ ọ́. Mi ò mọ ohun tó máa sọ. Màmá ti ń kọ́ Àdùkẹ́ ní oríkì láti àná, wọn kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà fún wọn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì:
Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì sókè kí ọwọ́ Àjàní má tó o. Kí ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ọmọ tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì tàbí erùpẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè ti dínkù.

Ìyá Ìbejì:
Ìyá Àṣàkẹ́, kí lẹ fi kun pákó yẹn? Tèmi máa ń ṣí bí èèpo.

Ìyá Àṣàkẹ́:
Èédú ni mo gún kúnná, mo gún un pọ̀ mọ́ ewé kúkúǹdùnkún, mo fi aṣọ nù ún sára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ kùn ún, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ mọ́jú. Ẹ má fi òkú bátìrì sí i bí a ṣe ń ṣe nígbà tá a wà ní kékeré, àwọn ọmọ á máa fi ọwọ́ pa á.