Ṣé Monastir ló yẹ kí àbúrò mi ti bẹ̀rẹ̀ ìdíje tẹ́níìsì?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ lọ sí Monastir ní Tùnísíà, níbi tí ìdíje M15 (ìpele tó kéré jù lọ nínú ìdíje àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì ṣiṣẹ́) ti ITF, àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, ti máa ń wáyé léraléra, kí ó lè wá pọ́ìǹtì ATP àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn pọ́ìǹtì tí wọ́n fi ń to àwọn ọkùnrin tó ń gbá tẹ́níìsì ní ipò lágbàáyé. Gbogbo owó ẹ̀bùn ìdíje kan jẹ́ 15,000 dọ́là, ẹni tó bá sì já ní ìpele àkọ́kọ́ kì í gba ohun tó tó owó òtẹ́ẹ̀lì ọ̀sẹ̀ kan. N kò tilẹ̀ tíì ka ti kọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rin ọ̀nà yìí, ṣé kí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, kí owó ọkọ̀ òfuurufú má baà di ìlọ́po, tàbí kí ó kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò? Báwo ni ẹ sì ṣe ń rí ẹni tí ẹ jọ ń pín yàrá?